Àdí Àgbọn Tí Mo Fi Ṣe Iṣẹ́ Amí

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kan ní Morogbo ní kí n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, ẹ̀rín ló pa mí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kọ́ ni mò ń ṣe, wọ́n wá ní kí n dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ kí n máa ròyìn. Mo lọ ṣá. Mo sọ díẹ̀, mo pa púpọ̀ mọ́, àwọn ọmọ náà sì mọ̀, nítorí ọmọ ayé òde òní kò ṣeé tàn. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti yìnbọn fún ẹnikẹ́ni rí?" Mo ní rárá. "Ṣé ẹ ti fò jáde nínú ọkọ̀ òfuurufú rí?" Mo ní rárá. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó jókòó. Nítorí ọmọ yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo sì ń kọ ọ́ nítorí obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ láti ìgbà èwe mi, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo kù láyé tí mo lè fà á yọ.

Iṣẹ́ amí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Mo wà lára etí náà. Kò sí ìjọba lábẹ́ ọ̀run tí kò ní irú wa. Orílẹ̀-èdè ńlá a ní ilé-iṣẹ́ tó fẹ̀ bí ìlú fún un, èyí tó kéré jù lọ náà a ní yàrá kan tí wọn kò kọ nǹkan kan sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí mo bá jókòó sí etí ọ̀sà nísinsìnyí, tí mo rántí pé bí mo ṣe wà yìí, ẹnì kan ń tẹ́tí sí ẹnì kan ní Rọ́ṣíà, ẹnì kan ń tọ ẹnì kan lẹ́yìn ní Íńdíà, ẹnì kan sì ń ta ẹ̀fọ́ níbì kan tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ kọ́ ló bá débẹ̀, orí mi a wú. Mo ti darúgbó sínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó ń yà mí lẹ́nu bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn gidi kan nínú. Ègùn ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, mo gbọ́ èdè méjèèjì bí ẹni mu omi. Mo gbọ́ Faransé díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ta ló dàgbà ní Àgbádárìgì tí kò gbọ́ Faransé ọjà? Mo jáde ilé ìwé gíga, wọ́n pè mí, wọ́n bi mí ní ọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi, mo búra. Owó oṣù náà kò burú, kò sì dára. Ó tó jẹun.

Wọ́n wá ní kí n máa ra àdí àgbọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà wa, igi àgbọn ló kún un, àwọn ọmọ Ègùn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń fún àdí, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí ọjà Agbalata. Ẹni tó bá ń ra àdí kò sí abúlé tí kò lè wọ̀, kò sí ilé tí kò lè jókòó sí. Ẹnubodè kò jìnnà, ohun tó sì ń gba orí omi yẹn kọjá ju àgbọn lọ. Bí mo ṣe di aládìí nìyẹn. Ìyá mi, tó ń yan ẹja tà ní Aradagun, sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ọmọ tí mo fi èéfín rán nílé ìwé," ló wí, "ó kàwé tán, ó wá ń ta àdí!" Ó kú láì mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sì dùn mí títí di òní.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo máa pè ní Ọ̀gá Sàlámì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ga, ó rí pẹlẹbẹ, kì í pariwo. Ó ti pẹ́ ní Kútọnu débi pé bí ó bá ń sọ Ègùn, àwọn Ègùn gan-an á máa béèrè abúlé tó ti wá. Ẹni tó bá rò pé ọ̀gá tó ń jágbe ló le, kò tíì rí Ọ̀gá Sàlámì. Ó lè wò ọ́ kí ó má sọ nǹkan kan, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe.

Ó máa ń ní kí n jókòó sí Agbalata láti àárọ̀, kí n má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Tí ọjà bá tú, yóò wá bẹ̀rẹ̀. "Obìnrin tó ń ta gààrí lápá ọ̀tún rẹ, bàtà wo ló wọ̀?" Mo ní mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kí lo wá ń wò?" Mo ní mò ń wo ojú rẹ̀. "Ojú ni gbogbo ènìyàn ń tún ṣe kó tó jáde nílé," ló wí. "Ẹsẹ̀ ni kí o máa wò." Títí dòní, bí ẹ bá wá kí mi nílé, bàtà yín ni n óò kọ́kọ́ rí, ẹ forí jì mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó fẹ́ẹ̀ pa mí ni ti ìkíni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Àwa tí a ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru, tí a tún ń kí ẹni tó ń sinmi pé ẹ kú ìsinmi! Ọ̀gá Sàlámì ní bí mo bá pàdé òun níta, n kò mọ òun rí. Ó ní bí mo bá pàdé bàbá tó bí mi lọ́mọ níbi tí iṣẹ́ bá gbé mi dé, n kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní mo ti gbọ́. Kò pẹ́ sí i, mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán létí ọ̀sà, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni kọjá lára òkúta.

Nígbà tí a pàdé ní ọ́fíìsì, ó bi mí pé, "Ta lo kúnlẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"O ti pa ẹnì kan."

"Ta ni mo pa, sà?"

"Ẹni tí mo fẹ́ lọ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ mi ti mọ̀ pé ọ̀gá ni mí, ó ti ń tọ̀ mí lẹ́yìn, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Orúnkún rẹ ló pa á."

Ó ní kí n padà síta, kí n máa kọjá lára òun títí yóò fi mọ́ mi lára. Ẹ̀yin ọmọ, kò rọrùn! Ẹ̀yìn mi a máa yún mi, ọrùn mi a máa tẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fà mí lé àwọn àgbàlagbà ìlú lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀: ó ní kí n máa gba iwájú wọn kọjá kí n má kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi. Ẹsẹ̀ kan náà ló fi lọ sí Aradagun lọ fẹjọ́ mi sùn, ó ní ọmọ yín kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára ewúrẹ́. Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi. "Ṣé àdí ti gùn ọ́ lórí ni? Àbí mi ò kọ́ ọ?" Ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí Ọ̀gá Sàlámì kọjá níwájú mi ní Agbalata, tí ara mi kò mira rárá, tí ọkàn mi gan-an kò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ara mi bà mí lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè kọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn.

Ibi iṣẹ́ yìí ni mo ti bá Ìyá Sewanu pàdé. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Abúlé kan láàárín oko àgbọn ló ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Sewanu. Obìnrin kúkúrú, ó dúdú, ó lẹ́nu bí abẹ. Kò sí aládìí tó lórúkọ tó o ní gbogbo Agbalata. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Àwọn alárékérekè a máa bu omi sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó da àdí lé e. Àdí á léfòó, omi á jókòó sísàlẹ̀, oníbàárà kò ní mọ̀ títí yóò fi délé. Ìyá Sewanu kì í dúró kí ẹnikẹ́ni béèrè. Yóò da kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ délẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá sínú àwo funfun kan, yóò ní, "Wò ó dáadáa. Bí o bá rí omi, omijé mi ni." Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan mọ́ ní ọjà wa nígbà náà, wọ́n á ní ó mọ́ bí àdí Ìyá Sewanu.

Òun ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ni mo wá a kàn. Ó ń wọn àdí fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí ti háyà ahéré sí inú oko àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà tí Sewanu ń gbà lọ sílé ìwé. Ó ní wọn kì í pẹja, wọn kì í fún àdí, wọ́n sì ń ri nǹkan gígùn mọ́lẹ̀. "Mo mọ̀ pé ìwọ kì í ṣe aládìí," ló wí jẹ́ẹ́. "O ń rà á ju bí o ṣe ń tà á lọ." Ẹ ò rí i bí ojú ọlọ́jà ṣe mú! Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Sàlámì, wọ́n ní kí n máa fún un ní nǹkan ìdúpẹ́. Ó kọ̀. "Mi ò ta ọ̀rọ̀," ló sọ fún mi, "àdí ni mò ń tà. Ṣáà rí i pé ìbọn wọn kò gba iwájú ọmọ mi kọjá."

Inú ìnájà ni a ti ń sọ ọ. Èmi á ní àdí náà wọ́n, òun á ní kí n gbé owó mi lọ, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa á máa rẹ́rìn-ín, nígbà tí a bá sì tẹ orí papọ̀ bí ẹni fẹ́ fi ohùn kékeré ná an délẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ẹnì kankan kò kọ́ ọ. Èmi tí ìjọba kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀rín bo ẹnu.

Ọ̀gá àwọn ọkùnrin inú oko yẹn ni wọ́n ń pè ní Pàtíróò, bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe máa ń pe ọ̀gá. Ó máa ń wá sí Agbalata wá ra oúnjẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwà rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ kò tutù. Ọmọkùnrin kan ní abúlé kejì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Orí omi ni wọ́n ti rí ọkọ̀ ọmọ náà, wọn kò rí òun fúnra rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń jókòó ti Ìyá Sewanu, mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí Pàtíróò bá fura sí i, obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ kò ní sùn sílé wọn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ wá wúwo. Ìyá Sewanu gbọ́ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti orí òkun, pé ohun tó máa gbé wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá Sàlámì ní òun fẹ́ fi ẹnu ara òun bi í léèrè ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. A fi ètò sí i. Yóò wọ agbádá kékeré bíi ti àwọn oníṣòwò Kútọnu, yóò máa sọ Ègùn tó ní Faransé nínú, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Yóò jókòó ra àdí bí ẹnikẹ́ni. Èmi á wà ní ìsọ̀ mi ní ọ̀ọ́kán.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Ọ̀gá mi jókòó sórí àga gbọọrọ, ó ń tọ́ àdí wò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ rà. Ìyá Sewanu ti ki àrọ bọ ẹnu ìgò, ó ń rọ àdí, ó ń sọ̀rọ̀. Pàtíróò dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja yíyan, ó ń wo àlejò náà, ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò lásán ni. Ni bàbá àgbà kan bá yọ láti ìhà àwọn olókùn àwọ̀n, ó ń ti ọ̀pá, ó dúró gbọn-in níwájú ọ̀gá mi.

Alájì oníṣòwò àwọ̀n kan láti Morogbo ni. Bàbá ìyàwó Ọ̀gá Sàlámì ni.

Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀gá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ẹja.

Ọ̀gá Sàlámì o! Ẹni tó kọ́ mi kí n kọjá lára bàbá tó bí mi. Mo mọ̀ pé kò rò ó rárá, nítorí bó bá rò ó, kò ní ṣe é. Ó lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ó lè gbàgbé èdè tí wọ́n fi bí i, ṣùgbọ́n ara ọkùnrin Yorùbá kò lè dúró ṣánṣán níwájú àna. Inú Alájì dùn, ó gbé ohùn sókè. "Àna mi àtàtà! Sàlámì! Dìde, dìde! Ṣé ìjọba ló tún rán ọ wá síhìn-ín? Ìyàwó rẹ kò mà sọ fún wa!"

Mo rí i tí Pàtíróò gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọ̀gá mi nílẹ̀, ó wá wo Ìyá Sewanu, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìgò ti kún, àdí ń dà sílẹ̀, obìnrin náà kò mọ̀.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé tí iná bá jó dé bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnikẹ́ni. Kí n máa ka owó mi, kí n palẹ̀ mọ́, kí n lọ. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi lọ. Ohun tí ó bọ́ sí mi lórí ni mo ṣe, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti wá. Mo ká ìró mi sókè, mo fò sáàárín wọn, mo di Ìyá Sewanu ní aṣọ mú, mo fi igbe ta.

"Òun nìyẹn, ọ̀gá! Òun ni mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ọ́fíìsì yín! Òun ló ń bu omi sábẹ́ àdí! Ẹ̀yin ará ọjà, ìjọba ni mo lọ pè wá, mo ní kí wọ́n wá bí oníbàárà kí wọ́n lè mú un! Ó ti jẹ mí run!"

Ọ̀gá Sàlámì ti dìde nílẹ̀, ó gbọ́ mi, ó sì yé e. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó fi ohùn ìjọba sọ̀rọ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì, òun ń gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwọn èrò kò gbà. Wọ́n ń pariwo mọ́ mi. "Ìyá Sewanu kẹ̀? Irọ́ ni! Ẹ da kẹ́ẹ̀gì náà kí a rí i!" Bí wọ́n bá dà á, kò sí omi níbẹ̀, irọ́ mi ti tú, obìnrin náà ti kú. Mo ń wò ó lójú, n kò lè sọ nǹkan kan fún un.

Ìyá Sewanu wo ojú mi. Ó wo Pàtíróò. Ó wá yọ gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e lórí níwájú gbogbo ọjà.

"Ẹ má wulẹ̀ dà á," ló wí. "Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ èṣù ni. Mo ti ń bu omi sí i ọjọ́ pẹ́. Ẹ bá mi bẹ ìjọba, mo ní ọmọ."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ohun tó ga láyé. N kò rí ohun tó tó ìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, ẹnikẹ́ni kò fún un láyè láti rò ó. Orúkọ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́, tí ó ń da kẹ́ẹ̀gì sínú àwo nítorí rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ó fà á ya lójú ara rẹ̀, ó ń sunkún bí olè. Omi bọ́ lójú mi, àwọn èèyàn rò pé ìbínú ni.

Pàtíróò tutọ́ sílẹ̀. "Olè," ló wí, ó mú ẹja rẹ̀, ó lọ. Kò tún wo ẹ̀yìn.

Àwọn aládìí fúnra wọn ló gba àpótí ìjókòó rẹ̀, tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Láàárín wọn nígbà náà, ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò tún gbọdọ̀ pàtẹ mọ́ láé. A gbé e sínú ọkọ̀ bí ọ̀daràn. Nínú ọkọ̀ náà, Ọ̀gá Sàlámì ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà nu ojú rẹ̀ nù, ó sọ ibi tí ọkọ̀ òkun yóò gúnlẹ̀ sí fún un, ó ní kí a lọ mú ọmọ òun nílé ìwé wá. Bó ṣe wí ló rí. Nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀, àwọn tó yẹ kó dúró dè é ń dúró dè é, ìbọn tí ì bá wọ ìlú kò wọ ìlú. Wọ́n mú Pàtíróò, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́, nítorí náà a kò lè sọ òótọ́ Agbalata fún ẹnikẹ́ni. A kó Ìyá Sewanu àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè. Kò ta àdí mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀gá Sàlámì kò jáde sí ìgboro fún iṣẹ́ mọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun nínú ọ́fíìsì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Mo kọ́ ọ ní ohun tí èmi fúnra mi kò mọ̀." Láti ìgbà náà, kí a tó rán ẹnikẹ́ni lọ síbì kan, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi í ni pé, "Ọjà wo ni àwọn àna rẹ ń ná?" Àwọn ọmọ tuntun á rò pé àpárá ni.

Èmi náà kò lè dúró ní Agbalata. Ta ni yóò tún ta àdí fún afẹjọ́sùn? Wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti rí bí irin iṣẹ́ ṣe ń yí padà. Rédíò ńlá tí a ń dì mọ́ etí títí etí á fi wú ni mo bá níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì dé, kásẹ́ẹ̀tì lọ. Fóònù alágbèéká dé, ohun tó jẹ́ pé amí á fi oṣù pípẹ́ wá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn gbé e sójú ayé pẹ̀lú àwòrán. Ẹnu yà mí, ó tún yà mí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà láti ojú sánmà hàn mí, mo rí òkun tó ń họ funfun, mo rí ọ̀sà, mo rí oko àgbọn láàárín wọn bí ojú ọ̀nà kan. Mo bẹ ọmọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kó gbé e lọ sí Aradagun. Mo rí páànù ìdíná ìyá mi tó ti dípẹtà, èéfín ẹja ń jáde lára rẹ̀. Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà, ó wà lábẹ́ páànù yẹn. Mo dìde kúrò níbẹ̀, mo lọ jókòó síta, nítorí ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Bí ènìyàn lásán bá lè rí ìdíná ìyá mi láti òkè, kí ni Òun kò rí?

Wọ́n rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú olótùútù kan, níbi tí irú wa láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti pàdé. A kì í sọ orúkọ gidi fún ara wa, síbẹ̀ a gbọ́ ara wa yé bí ọmọ ìyá. Mo sọ ìtàn ọkùnrin kan tó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, n kò sọ ìlú. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti ìhà ìlà oòrùn ayé ní tiwọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bọ́ bàtà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Obìnrin kan ní tiwọn kò lè fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ọwọ́ ọ̀tún tó nà ló fi gba ikú. Mo wò wọ́n yíká tábìlì náà, gbogbo ìjọba ayé pẹ̀lú owó wọn àti ẹ̀rọ wọn, ohun tí ìyá ẹnì kan kọ́ ọ ní kékeré ni kò sí ẹni tó lè yọ lára rẹ̀. Mo sì ń ronú nínú mi pé n kò tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ṣe bíi ti Ìyá Sewanu.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Bàtà nọ́ọ̀sì ló wọ̀. Mo ní kó jókòó, ó ní òun kò ní jókòó. Mo gbé omi fún un, kò gbà á.

"Ẹ ò lè mọ̀ mí, Màmá," ló wí. "Sewanu ni mí. Ọmọ olómi ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé kí a tó sá lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ yẹn."

Mo bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"A ti sin ín. Kó tó lọ, ó ní kí n wá yín dé Àgbádárìgì, kí n sọ fún yín pé *a wanu*. Ìyá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Kí lẹ ṣe fún un? Mo bi í, kò dáhùn. Láti kékeré ni mo ti ń bi í, ó máa ń ní òun ti jẹ́wọ́ lọ́jà, ó tán. Màmá, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé omi wà nínú àdí yẹn?"

Mo ti búra. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dúró, ó ń wò mí, ó wá yí padà, ó lọ. Ohun tó pa mí lára ni pé èmi tí mo búra, tí ìjọba ń san owó fún, ìbúra ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìyá rẹ̀ kò búra fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà kí ọmọ tó bí máa wo òun bí olè títí dójú ikú, kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Pàtíróò tó bọ́ má baà mọ ọ̀nà ibi tí ọmọ náà wà.

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo sọ fún wọn pé gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe ní jàǹbá ti lọ, ó ku ọmọ kan tó yẹ kó gbọ́ òótọ́. Wọ́n jẹ́ kí n dúró pẹ́, kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní kí n yí orúkọ gbogbo ènìyàn padà, kí n má dárúkọ abúlé tí oko àgbọn náà wà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Morogbo, bí ẹ bá ń ronú iṣẹ́ yìí, ẹ wá, a nílò yín. Ẹ jẹ́ kí n dá ẹnì kan lóhùn ná.

Ìwọ tí mo pè ní Sewanu, o mọ ara rẹ. Omi kò sí nínú àdí ìyá rẹ. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí níbẹ̀ rí.